Ẹ JẸ́ KÁ DÀGBÀ: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìdàgbàsókè Nínú Ẹ̀mí

Ẹsẹ Bíbélì fún kíkà: I Kọ́ríńtì 3:1-3; Hébérù 5:12-14; Éfésù 4:13-15; Ẹ́kísódù 23:9.

Lẹ́yìn orin, lẹ́yìn ìlù àti oúnjẹ, ìwé yìí ni ẹ óò mú lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí a fi fi ẹ̀kọ́ kan sínú rẹ̀, kí ẹ lè jókòó kà á pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́.

Nígbà àjọ̀dún, ọjọ́ orí ìjọ ni à ń kà. A ó sọ pé ìjọ ti pé ọdún báyìí, a ó sì dúpẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí akọ̀wé ìjọ kò lè dáhùn nínú ìròyìn ọdún: ìjọ ti dàgbà, àwa tí a wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ènìyàn lè pé ogún ọdún nínú ìjọ Ọlọ́run kí ó ṣì máa mu ọmú.

1. TA NI ÌKÓKÓ, TA NI ÀGBÀ?

Ìkókó kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí a bá bí ọmọ tuntun, gbogbo ilé ní í yọ̀. A kì í bínú sí i pé kò lè rìn, tàbí pé ó ń sunkún lóru. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pé ọdún márùn-ún tí kò tíì rìn, ayọ̀ ilé náà á di ẹkún. Ohun tí ó ba ẹni tí ó kọ Ìwé Hébérù nínú jẹ́ nìyẹn. Ó ní ó ti yẹ kí àwọn tí òun ń kọ̀wé sí di olùkọ́, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń wá ẹni tí yóò kọ́ wọn. Wàrà ni wọ́n lè mu, oúnjẹ líle há wọn lọ́fun.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ àmì tí a fi ń mọ àgbà. Ẹ fi ọwọ́ yín sórí Hébérù 5:14, kí ẹ kà á dáadáa. Àgbà ni ẹni tí ó ti fi ìlò kọ́ ọkàn rẹ̀ títí tí ó fi mọ ìyàtọ̀ láàrin rere àti búburú. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sọ pé ẹni tí ó ń rí ìran jù lọ ni. Kò sì sọ pé ẹni tí ó gba ààwẹ̀ gígùn jù lọ ni, tàbí ẹni tí aṣọ rẹ̀ funfun jù lọ. Ìlò ni ó sọ, èyíinì ni pé ojoojúmọ́ ni à ń kọ́ ọ, nínú ilé, lójà, lóko àti lẹ́nu iṣẹ́.

Àwa àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Olúwa wa fi ìjọba Ọlọ́run wé irúgbìn nínú Máàkù 4:26-29. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí a gbin àgbàdo, ewé ni a kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn rẹ̀ ìrùkẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ọmọ. Ẹni tí ó bá ń hú u wò lójoojúmọ́ pé ǹjẹ́ ó ti ta gbòǹgbò, pípa ni ó ń pa á. Kòkó ní tirẹ̀ kì í so lọ́dún tí a gbìn ín. Ẹni tí ó bá gbin kòkó ti múra àtidúró fún ọdún mélòó kan. Olúwa Jésù pàápàá kò ti ọ̀run já lu orí àga olùkọ́. Lúùkù 2:52 sọ fún wa pé ó dàgbà nínú ara àti nínú ọgbọ́n. Bí Ọmọ Ọlọ́run bá gbà láti dàgbà díẹ̀díẹ̀, ta ni àwa tí a fẹ́ dàgbà lóru ọjọ́ kan?

2. Ẹ̀BÙN Ọ̀TỌ̀, ÌDÀGBÀSÓKÈ Ọ̀TỌ̀

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Kọ́ríńtì. Ìjọ yẹn ni ó bá ìjọ aládùúrà mu jù nínú gbogbo ìjọ tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí. Wọ́n ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi èdè fọ̀, wọ́n ń wo aláìsàn sàn. Ní orí kìn-ín-ní, ẹsẹ keje, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé kò sí ẹ̀bùn tí ó kù wọ́n kù. Ẹ wá ṣí orí kẹta. Àwọn ènìyàn kan náà yìí ni ó pè ní ìkókó! Kí ló dé? Ó ní nítorí pé owú àti ìjà wà láàrin wọn, nítorí pé ẹni kan ń sọ pé ti Pọ́ọ̀lù ni òun, ẹlòmíràn ń sọ pé ti Àpólò ni òun.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí wúwo o. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀bùn lè pé lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣì jẹ́ ìkókó. Bàbá lè ra aṣọ olówó ńlá fún ọmọ ọdún méjì. Aṣọ náà kò sọ ọmọ náà di géńdé. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀bùn ni aṣọ, ọjọ́ kan ṣoṣo ni a lè gbà á. Ìlò ọjọ́ pípẹ́ ni ó ń sọ aṣọ di àkísà, kò sì sí ẹni tí ó lè fún ọ ní ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

3. Ẹ̀KỌ́ LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÀWỌN BÀBÁ ÀTI ÌYÁ WA

Ẹ jẹ́ ká wo ilé ara wa. Ní 1925, ní Èkó, ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Mósè Orímọládé Túnọláṣe àti ọ̀dọ́bìnrin náà, Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n. Agbára Ọlọ́run hàn, ìran wà, àdúrà ń gbà. Síbẹ̀, nígbà tí ó fi di 1929, àwọn méjèèjì ti pín yà, ẹgbẹ́ sì ti pín pẹ̀lú wọn. A kò sọ èyí láti dá wọn lẹ́jọ́, nítorí pé orí iṣẹ́ wọn ni a dúró lé lónìí. A sọ ọ́ kí ó lè yé wa pé ìfẹ́ àti ìṣọ̀kan ṣòro ju ìran lọ, àní fún àwọn ẹni ńlá.

Ẹ tún wo Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà ni ó ń wà fún ìjọba, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nígbà tí ìpè Ọlọ́run dé bá a ní oṣù kẹwàá 1928, ní Ìkéjì-Arákejì, níbi tí yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà lónìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 24 ni. Ó gbọ́ ohùn, ó rí àmì. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn nínú wa ni, ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni yóò kan pátákó ìjọ tirẹ̀ mọ́ ògiri! Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, àwọn tí àdúrà wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918. Ní oṣù Kejìlá 1929, Pásítọ̀ Sadare rì í bọmi ní Èkó. Ó jókòó lábẹ́ ẹ̀kọ́ àwọn àgbà bí Odùbánjọ àti Isaac Akínyẹlé, ẹni tí ó di Olúbàdàn ní 1955. Lẹ́yìn èyí ni ìsọjí ńlá Òkè-Ooyè bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà ní oṣù Keje 1930, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń rọ́ wá.

Ó yẹ ká rò pé láti ìgbà náà lọ, ògo lórí ògo ni. Rárá o. Ní 1932, ọdún méjì péré lẹ́yìn Òkè-Ooyè, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni ó ṣe ní ìlú Bìní. Nígbà tí ó jáde, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ìwàásù. Ní 1936 ó dé Gold Coast, tí ó wá di Gánà ní 1957. Ẹdẹ níbí ni ó ti sùn nínú Olúwa ní oṣù Keje 1959. Láti ọjọ́ ìpè rẹ̀ dé ọjọ́ ikú rẹ̀ kù díẹ̀ kó pé ọdún 31. Ọjọ́ kan ni ìpè gbà. Ìyókù, ìlò ni.

4. Ẹ̀KỌ́ LÁTI ILÉ ARA WA NÍ ÌNÍSÀ

A ti dárúkọ Gánà. Kò sí agbo ilé púpọ̀ ní ìlú yìí tí kò mọ orúkọ náà. Àwọn ará Ìnísà, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti ìlú mìíràn bẹ́ẹ̀ ti ṣòwò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé gba ìwé náà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Ẹ̀yin àgbà rántí bí mọ́tò ṣe ń já àwọn ènìyàn wa sílẹ̀.

Bàbá mi wà lára wọn. Aṣọ ni ó ń tà ní Tamale. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti ta ọjà, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó wá nájà mọ̀ pé dandan ni kí ó tà. Ẹni tí ó bá lè ní sùúrù títí tí ó fi ku ọjọ́ méjì, ó kù díẹ̀ kí ó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹrù tí bàbá mi rí gbé délé kò ju èyí tí ènìyàn méjì lè rù lọ.

Ó wá di oṣù kìn-ín-ní 1983. Ìjọba tiwa náà, ní Nàìjíríà, kéde pé kí àwọn àjòjì tí kò níwèé máa lọ, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Àwọn ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà náà, mo ti di òṣìṣẹ́ nínú ìjọ. Mò ń gbààwẹ̀, mò ń rí ìran, wọ́n sì máa ń ránṣẹ́ pè mí láti gbàdúrà fún aláìsàn. Òṣogbo ni mò ń gbé. Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa, ará Gánà ni. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síta fún títà. Mo mọ iye tí irú rẹ̀ ń lọ. Mo dá owó tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó wo ojú mi títí, ó sì gbà á.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo wálé wá sí ìsìn. Mo jáde síwájú ìjọ, mo jẹ́rìí pé Olúwa ti ṣe é, ó fún mi ní ẹ̀rọ ìránṣọ bí ọ̀fẹ́. Gbogbo ìjọ ké Halelúyà.

Ìyá mi wà ní ìsìn ọjọ́ náà. Ìyá mi kò mọ̀wé, kò ríran, kò sì sọ àsọtẹ́lẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí. Wọn kò bá mi wí lójú ènìyàn. Nígbà tí a délé tí a jẹun tán, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ló ra aṣọ bàbá rẹ ní Tamale?” N kò rí èsì fọ̀. Wọ́n tún ní, “Onítọ̀hún náà á ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀.” Wọ́n dìde, wọ́n kó abọ́ lọ fọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo sáré padà sí Òṣogbo pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Wọ́n ní ọkùnrin náà ti wọ mọ́tò lọ láti àárọ̀ Sátidé. N kò rí i mọ́ títí di òní. Ẹ̀rọ náà wà nílé mi. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á.

Ẹ̀yin ará, ẹ wá padà sí Hébérù 5:14. Ta ni ó mọ rere yàtọ̀ sí búburú lọ́jọ́ náà? Ṣé èmi tí mò ń ríran ni, àbí ìyá tí ó jókòó sẹ́yìn? Nínú Ẹ́kísódù 23:9, Ọlọ́run kìlọ̀ fún Ísírẹ́lì pé kí wọ́n má ṣe ni àjòjì lára, nítorí pé àwọn fúnra wọn mọ bí ó ti ń rí nínú ọkàn àjòjì, wọ́n ti ṣe é rí ní Íjíbítì. Ohun tí ó dé bá ilé wa ní 1969 bá èmi àti ìyá mi papọ̀. Inú mi bàjẹ́ nítorí rẹ̀, ó parí síbẹ̀. Ìyá mi ní tiwọn sọ ọ́ di àánú. Ibẹ̀ ni ìdàgbàsókè wà. Ìyà nìkan kì í sọ ènìyàn di àgbà. Àwọn kan wà tí ìyà sọ di òǹrorò. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí Ẹ̀mí Mímọ́ fi ìyà tí ó jẹ kọ́ ọ láti ṣàánú ẹlòmíràn, onítọ̀hún ti ń jẹ oúnjẹ líle.

5. ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ ẸNI TÍ Ó Ń DÀGBÀ

(a) Ẹnu rẹ̀. Jákọ́bù orí kẹta sọ pé ẹni tí ó bá lè kó ahọ́n rẹ̀ níjàánu lè kó gbogbo ara níjàánu. Ẹnu tí ó fi èdè fọ̀ ní òwúrọ̀ kò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ṣeré nírọ̀lẹ́.

(b) Oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ kékeré ni à ń fi oúnjẹ sí lẹ́nu. Odidi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá láti 1884. Ẹni tí ó ń dàgbà ń kà á fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé ń ní kí ọmọ kà á sí òun létí. Kì í ṣe gbogbo àlá ni ó ń gbé lọ bá wòlíì. Wòlíì wà, a sì ń dúpẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n wòlíì rere ni ẹni tí ó ń kọ́ ọ láti bá Bàbá rẹ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ.

(d) Ọwọ́ rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ lójà pé. Owó ìkórè tí a fi sí i lọ́wọ́ kò dín. Kò ń sọ pé Ọlọ́run ni ó fún òun ní ohun tí òun rẹ́ ẹlòmíràn jẹ láti rí.

(e) Bí wọ́n bá bá a wí. Ọmọdé á bínú, á ní òun ń lọ sí ìjọ mìíràn. Àgbà á lọ sílé, á ronú, á sì padà wá tọrọ àforíjì. Bí wọ́n bá gbé ẹlòmíràn gorí oyè tí ó ń fẹ́, kò ní í tìtorí rẹ̀ pín ìjọ.

(ẹ) Ojú tí ó fi ń wo àjòjì àti aláìní. Èyí ni ó ṣòro jù, nítorí pé wọn kò lè san án padà.

6. OHUN TÍ Ó Ń MÚ NI DÀGBÀ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé a ní kí ẹ fi ààwẹ̀ àti àdúrà sílẹ̀. A kò sọ bẹ́ẹ̀! Aládùúrà ni wá, àdúrà ni ẹ̀mí wa. Ṣùgbọ́n àdúrà dàbí òjò: orí ohun tí a gbìn ni ó ń rọ̀ sí. Bí a kò bá gbin nǹkan kan, koríko ni òjò yóò mú jáde. Nínú Pétérù Kejì 1:5-7, àpọ́sítélì náà to ohun tí a ó gbìn lẹ́sẹẹsẹ: ìgbàgbọ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó kan ìwà rere, ó kan ìmọ̀, ó kan ìkóra-ẹni-níjàánu, ó kan sùúrù, ó kan ìwà-bí-Ọlọ́run, ó kan ìfẹ́ ará, ó sì fi ìfẹ́ parí rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan fún oṣù kan. Ẹ gbàdúrà lé e lórí, kí ẹ sì wá ẹni kan tí ẹ óò lò ó fún, nínú ilé yín tàbí nínú ọjà yín. Ẹ má ṣe nìkan ṣe é. Éfésù 4:13 ní gbogbo wa ni a óò jọ dé ibẹ̀.

7. ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni Pọ́ọ̀lù rí nínú ìjọ Kọ́ríńtì tí ó fi pè wọ́n ní ìkókó? Ǹjẹ́ ó wà láàrin wa?

2. Kí ló dé tí Joseph Babalọlá, ẹni tí ó ti gbọ́ ohùn Ọlọ́run, tún lọ jókòó lábẹ́ àwọn àgbà?

3. Ìyà wo ni ó ti jẹ ọ́ rí? Ta ni ó wà lágbègbè rẹ báyìí tí irú ìyà náà ń jẹ?

4. Nínú àwọn ẹ̀rí tí o ti jẹ́ rí, ǹjẹ́ ọ̀kan wà tí ẹlòmíràn ń sunkún lórí rẹ̀? Bí ó bá wà, tí ẹni náà sì wà láàyè, má dúró di àjọ̀dún tí ń bọ̀. Lọ bá a kí mọ́tò tó gbé e lọ.

ÀDÚRÀ: Olúwa, ìwọ ni o bí wa, má jẹ́ kí a wà ní ìkókó títí. Sọ ohun tí a ti jìyà rẹ̀ di àánú nínú wa. Ẹni tí a ti rẹ́ jẹ, mú wa rí i kí a lè san án padà. Ẹni tí a kò lè rí mọ́, ìwọ fúnra rẹ san án fún un. Bí ìjọ yìí ti ń lé ọdún sí ọdún, jẹ́ kí àwa inú rẹ̀ náà máa dàgbà, ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.